Gíláàsì Tó Fẹ̀ Tó Ìgbésẹ̀ Mọ́kànlá

Òǹkà ọgọ́ta ni ìràwọ̀ Àgùàlà fi ń la gíláàsì ẹnu awò kọjá. Wẹ́dà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ògiri ti kà á títí, kò ju ọgọ́ta lọ rí. Bí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, tí ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀ bí omi tí wọ́n kán aró díẹ̀ sí, á gbé awò ìràwọ̀ rẹ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, á wá Àgùàlà rí, á fi í sí etí gíláàsì níbi tó ti ń wọlé, á sún sẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìràwọ̀ kì í dúró de ènìyàn. Ayé ń yí, páìpù irin ò yí, nítorí náà ohun tí à ń wò á rọra rìn gba àárín gíláàsì, á sì jáde ní etí kejì bí àlejò tí kò rí ẹni kí i káàbọ̀.

Òǹkà àádọ́rùn-ún ni ìyàwó rẹ̀ fi ń rìn dé ìdí awò náà.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Oṣù mọ́kàndínlógún sẹ́yìn ni àìsàn mú apá ọ̀tún obìnrin náà, láti èjìká dé ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Ó bọ́ nínú ewu, ó tún ń sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ń jáde díẹ̀díẹ̀ bí omi inú ẹ̀rọ tó ń kán. Obìnrin kan tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ máa ń wá lọ́jọ́ Alámìísì. Òun ló sọ pé, "Ìgbésẹ̀ mọ́kànlá lójúmọ́, Mà. Ẹsẹ̀ tí a ò bá lò, gbígbàgbé ló ń gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀."

Bó ti sọ mọ́kànlá báyìí, ó tán. Ògiri fi okùn wọn ìgbésẹ̀ mọ́kànlá láti ìdí àga tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé títí dé ibi tí awò ń dúró sí, ó sì fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí ojú sìmẹ́ńtì.

"Ọkọ mi, ẹ fa àga yìí sún mọ́ ọn díẹ̀."

"Mọ́kànlá ni wọ́n sọ."

"Díẹ̀ péré. Bí ìbú ọwọ́."

"Mọ́kànlá ni."

"Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ ò ṣe adájọ́. Ẹlẹ́rìí gan-an ni ẹ̀ bá kọ́kọ́ sọ sẹ́wọ̀n."

Obìnrin yìí ló fẹ́ràn ojú ọ̀run nínú àwọn méjèèjì. Irin ni Ògiri fẹ́ràn. Nígbà tí ara ṣì le, òun ló rí i lọ́jọ́ kan pé Àgùàlà kì í rí róbótó nínú awò, pé ó máa ń ní ìwo bí oṣù tuntun. Ó pariwo títí aládùúgbò fi yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ wá wò ó! Wọ́n ní ajá òṣùpá ni, ajá ti jọ olówó ẹ̀!" Lẹ́yìn tí àìsàn mú un, kò béèrè oúnjẹ kan, kò béèrè àlejò kan. Àgùàlà nìkan ló ń mú un dìde lórí àga.

Ó dìde fún un ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́fà. Lẹ́ẹ̀mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, á ti ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ síwájú, á wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e, á dé ibẹ̀, á fi ojú òsì sí gíláàsì, á sì bá òkùnkùn. Ògiri gbìyànjú láti máa ti páìpù náà tẹ̀ lé ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa tì í gbọ́dọ̀ fi ojú sí i, ojú méjì ò sì lè gba inú gíláàsì kan ṣoṣo.

Ní ìrọ̀lẹ́ keje, obìnrin náà ò dìde. "Ẹ má gbé e síta mọ́," ó wí. "Sísá ló ń sá fún mi."

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó jókòó. Obìnrin tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ fọwọ́ tẹ ẹran iwájú ojúgun rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti wá bá Ògiri sọ̀rọ̀.

"Sà, bí wọn ò bá dìde láàárín oṣù yìí, ó lè jẹ́ pé wọn ò ní dìde mọ́."

Ògiri gbọ́. Nǹkan kan ò mì nínú rẹ̀. Bó ṣe wà nìyẹn láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé, bí apá tí ènìyàn sùn lé títí tó kú tipiri. Ó ń jẹun, ó ń lọ sí ìsọ̀, ó ń jó irin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, irin gbígbóná jó o ní àtàǹpàkò. Òórùn ẹran tó ń jó ló kọ́kọ́ gbọ́ kó tó mọ̀ pé ara òun ni.

"Bó bá rí ohun tó fẹ́ rí ńkọ́?" ó béèrè. "Ṣé á dìde?"

"Mi ò mọ̀, Sà. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò."

Ó wọ bàtà rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí ìsọ̀ kan ní àárín ìlú níbi tí wọ́n ti ń ta kámẹ́rà àti awò oríṣiríṣi. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló wà nídìí ọjà, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ ka orí bí adé. Ògiri tú áńkáṣífù, ó gbé gíláàsì kékeré tó ti wà lẹ́nu awò rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ síwájú ọmọbìnrin náà.

Ọ̀dọ́bìnrin náà gbé e sójú, ó rẹ́rìn-ín. "Háà! Ihò kọ́kọ́rọ́ lẹ ti ń gbà yọjú wo ọ̀run, Sà."

"Ihò kọ́kọ́rọ́ náà ni. A sì ti rí nǹkan níbẹ̀."

"Ẹ má bínú, Sà."

"Mi ò bínú. Èyí tó fẹ̀ ni mò ń fẹ́."

Ọ̀dọ́bìnrin náà gbé méjì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan gùn, ó tín-ín-rín, kò wọ́n. Ó ní ìyẹn á fi ọ̀run rẹpẹtẹ hàn án, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan á kéré nínú rẹ̀.

"Àgùàlà ńkọ́?"

"Á rí bí orí abẹ́rẹ́."

"Ojú lásán ni mo fi ń rí orí abẹ́rẹ́ látọjọ́ yìí."

Èkejì sanra bí agolo mílíìkì, ó wúwo lọ́wọ́ bí òkúta odò. Ọ̀dọ́bìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. "Èyí ò ní dín bí nǹkan ṣe ń tóbi nínú tiyín kù. Àyè ẹ̀ ló fi ìlọ́po méjì jù ú lọ. Bí ẹni tó kúrò nídìí ihò kọ́kọ́rọ́, tó ṣílẹ̀kùn, tó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà." Ó ní kó gbé e sójú, kó kọjú sí ìmọ́lẹ̀ ojú pópó.

Ògiri gbé e sójú. Ó ní láti yí ẹyinjú rẹ̀ kó tó rí etí rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ògiri nínú gbọ̀ngàn ńlá. Ó dúró, ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́.

"Kí lẹ ń kà, Sà?"

"Ọgọ́ta lọ́nà méjì, ọgọ́fà. Àádọ́rùn-ún wọnú ẹ̀, ó ṣẹ́ ku ọgbọ̀n."

"Owó ni?"

"Ìrìn ni. Dì í fún mi."

"Ó wọ́n o, Sà."

"Ṣé mo ní kí o tà á fún ẹlòmíì ni?"

Ọ̀dọ́bìnrin náà ń dì í lọ, ó tún gbé orí sókè. "Àwọn tó sanra báyìí máa ń fẹ́ wọnú páìpù ju àwọn tó kù lọ. Bí kò bá mọ́, ẹ ní láti sún dígí tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ nísàlẹ̀ páìpù sókè díẹ̀. Ta ló ṣe awò yín?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin nìkan?"

Ògiri wo àwọn kámẹ́rà tó wà lára ògiri. "Irin ẹ̀ ni mo ṣe," ó wí, ó sì mú ẹrù rẹ̀.

Kò mọ́. Nígbà tó délé, ó rọ òrùka irin tí gíláàsì tuntun náà á fi jókòó lẹ́nu awò, ó dojú páìpù kọ táǹkì omi tó wà ní òpópónà kejì, ó ti gíláàsì náà wọlé títí ó fi kọ lu irin. Táǹkì náà ṣì rí bàìbàì bí ohun tí à ń wò gba inú ooru ìkòkò. Ìbú ìka méjì ló kù. Kí dígí tó wà ní ìsàlẹ̀ páìpù ṣáà gòkè ní ìka méjì, gbogbo rẹ̀ á yanjú. Iṣẹ́ kékeré ni, bóòtì mẹ́ta ni kí á tú.

Ṣùgbọ́n kò sí bóòtì kankan níta tí ẹnikẹ́ni lè tú. Ògiri fúnra rẹ̀ ló jó ìdí páìpù náà pa.

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ẹni méjì ló ni awò yìí. Ẹnì kejì ni Onígíláàsì, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ṣe awò ojú fún àwọn tí kò ríran dáadáa, òpópónà méjì péré sí ilé rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni Onígíláàsì fi lọ dígí náà lórí tábìlì, pẹ̀lú omi àti iyanrìn dídára, títí tí ojú rẹ̀ fi tẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ tó ń gba omi. Ògiri ló ṣe páìpù, òun ló ṣe ẹsẹ̀ tó dúró lé. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan kí àwọn ènìyàn lè wò ó, olùkọ́ kan béèrè pé ta ló ṣe é. Onígíláàsì sọ lójú gbogbo ayé pé, "Èmi ni mo ṣe é. Ọ̀gbẹ́ni yìí bá mi jó irin ẹ̀."

Ó bá mi jó irin ẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹni tí wọn ò tíì fi ẹnu kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ lójú ara rẹ̀ rí ni yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ògiri gbé awò náà lé èjìká lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi irin pẹlẹbẹ bo ìdí rẹ̀, ó sì jó o yíká, kí ẹni tó lọ dígí má bàa fọwọ́ kan dígí rẹ̀ mọ́ láéláé. Onígíláàsì wá kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ògiri wà nílé lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ó wá di dandan kó gé e wàyí. Ibo gan-an ni dígí náà jókòó sí nínú páìpù? Báwo ló ṣe nípọn tó? Kò wọ̀n ọ́n, nítorí ìbínú kì í mú téèpù dání. Bí ẹ̀rọ bá fi ìwọ̀n èékánná ṣìnà, ó parí. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀.

Ó jókòó sórí àpótí ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ń retí kí ìbínú àtijọ́ dé. Ìbínú ò dé. Ó dìde, ó lọ.

Onígíláàsì ń fi aṣọ nu férémù nígbà tí òjìji bo ẹnu ọ̀nà. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó gbójú sókè, ó tún gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e sókè.

"Ògiri lanu," ó wí, "ọdún mẹ́jọ lo fi là á."

"Mi ò wá bá ọ ṣọ̀rẹ́."

"Mi ò tíì fún ẹ ní àga, báwo la ṣe fẹ́ ṣọ̀rẹ́?"

"Dígí yẹn. Mo fẹ́ gé ìdí páìpù. Ibo ni kí n gé e sí tí kò fi ní fọ́?"

"Kí ló dé tí o fẹ́ gé e? Ṣebí bóòtì mẹ́ta ni mo fi dè é."

"Mo jó o pa."

Onígíláàsì gbé férémù náà sílẹ̀. "O jó dígí mi mọ́ inú irin?"

"Dígí wa."

"O jó dígí wa mọ́ inú irin. Kí o lè ṣe mí ní kí ni?"

"Ohun tí mo ṣe ọ́ náà nìyẹn."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ nu omi. Ògiri ò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó dúró bí ẹni tó ń retí kí òjò dá. Nígbà tí ẹ̀rín tán, Onígíláàsì béèrè pé, "Kí lo fẹ́ fi ṣe gan-an?" Ògiri sọ fún un: ọgọ́ta, àádọ́rùn-ún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí àga, ohun tí wọ́n sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwọ̀n fèrèsé fún oníbàárà.

Onígíláàsì ti ìsọ̀ rẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì àti rúlà, ó tẹ̀ lé e.

Orí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni obìnrin náà ti rí wọn. Ó wò wọ́n títí. "Ọkọ mi, ta lẹ mú bọ̀ yìí? Ṣé ẹ̀yin ni, àbí òkú ọ̀run?"

"Èmi ni, ìyàwó wa. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta tó lọ́mọ tó lọ́mọ-ọmọ. Ẹ káàbọ̀."

Onígíláàsì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí páìpù ká. Ó fi ìka wọ́ ojú ibi tí irin ti jó mọ́ra. "Pẹ̀lú ìbínú lo ṣe jó èyí?"

"Pẹ̀lú ìbínú."

"Kò mà sí ihò kan ṣoṣo nínú ẹ̀."

Wọ́n ki aṣọ tútù gba ẹnu páìpù wọlé bo dígí. Ògiri gé e. Iná irin ń ta pàrà, Onígíláàsì sì kúnlẹ̀ ti páìpù náà, ó ń fi ojú ṣọ́ ìlà, ó ń sọ pé, "Rọra. Rọra. Dúró. Ó tó." Dígí jáde láìsí èérún kan lára rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ṣú bí ojú arúgbó. Onígíláàsì fi omi àti òwú wẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ògiri gé bóòtì mẹ́ta tó gùn ju ti ìṣáájú lọ ní ìka méjì.

"Mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ yẹn," Onígíláàsì wí.

"Dígí ni mo pè ọ́ fún."

"Ó dáa."

Ọ̀kan di dígí mú, èkejì ń de bóòtì, títí tó fi tán. "Ẹ wo àwọn méjèèjì," obìnrin náà wí látorí àga, "bí ọkọ àti ìyàwó tó ń pín ẹrù lọ́jọ́ ìkọ̀sílẹ̀."

Oòrùn wọ̀. Àgùàlà yọ lókè ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ògiri gbé e sínú gíláàsì tuntun náà. Ó mọ́, ìwo rẹ̀ méjèèjì mú ṣáṣá, òfìfo ọ̀run sì yí i ká débi pé ó dà bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé sójú agbami. Ó wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo irin tó tọ́, ó yẹra. Onígíláàsì fi ojú sí i. "Hẹn-ẹn," ó wí.

"Kí lẹ rí?" obìnrin náà béèrè.

"Má sọ fún un," Ògiri wí.

"Kí ló dé tí wọn ò fi ní sọ fún mi?"

"Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á dìde."

"Ìkà."

Kò dìde. Ògiri ka ọgọ́fà, Àgùàlà jáde. Ó tún gbé e sí etí, ó tún ka ọgọ́fà, ó tún jáde. Kò bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá mọ bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ rí, ó ti gbàgbé. Ojú ọ̀run ń ṣókùnkùn lọ, Àgùàlà sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ sórí òrùlé aládùúgbò wọn. Ẹ̀ẹ̀kan sí i ló kù, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì.

"Ọgọ́fà lẹ ní?" obìnrin náà béèrè.

"Ọgọ́fà."

"Ẹ tún un gbé."

Ó tún un gbé. Nígbà tó máa fi yíjú, obìnrin náà ti wà lórí ìdúró, ó di ọ̀pá mú, ètè rẹ̀ há pọ̀.

"Ọ̀kan," Ògiri bẹ̀rẹ̀. "Méjì."

"Ẹ má kà á síta. Ẹ ń já mi láyà."

Ó kà á sínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí àga ti jẹ nínú ìrìn náà. Ó falẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní àádọ́rin, kò tíì rin ìgbésẹ̀ méje pé. Ẹsẹ̀ ọ̀pá kan kó sínú ibi tí sìmẹ́ńtì ti là, ó dúró, ó ń fà á. Onígíláàsì gbé ẹsẹ̀. Ògiri na apá dí i lọ́nà, kò wò ó. Ọ̀pá jáde. Ọgọ́rùn-ún. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Ó dé ibẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ẹnu páìpù mú, ó tẹ̀.

"Òkùnkùn ni," ó wí.

Méjìdínlọ́gọ́fà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dé nínú òǹkà tó ń sáré báyìí nínú orí Ògiri, ó sì mọ̀ pé òun ti ń yára kà, pé kò lè ju àádọ́fà lọ.

"Ẹ fa ojú sẹ́yìn díẹ̀, ìyàwó wa," Onígíláàsì wí jẹ́jẹ́. "Èyí kì í fẹ́ kí a sún mọ́ ọn jù."

Obìnrin náà fa ojú sẹ́yìn. Èjìká òsì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Ó ti ń lọ," ó wí. "Ó ti wà létí."

Ògiri na ọwọ́ sí páìpù.

"Ẹ fi sílẹ̀! Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí n rí bó ṣe ń jáde." Ó dúró bẹ́ẹ̀. "Ìwo kan ti lọ. Ó ku ọ̀kan. Ó ti lọ."

Ó dìde nídìí gíláàsì, ó ń mí gúlegúle. Ògiri ń retí kó béèrè àga. Ó wo inú ara rẹ̀ bóyá ayọ̀ wà níbẹ̀; kò rí nǹkan kan, àfi àtàǹpàkò tó jó lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta á.

"Kò tó," obìnrin náà wí. "Ẹ̀yin tó lọ dígí, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tó jó irin, ẹ máa gbé e padà sí etí ibi tó ti ń wọlé kó tó wọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó, kí n tún bẹ̀rẹ̀ látorí àga. Ibi tí sìmẹ́ńtì ti là yẹn ló jẹ mí ní àkókò, mi ò ní gba ibẹ̀ mọ́."

Ó yí ọ̀pá rẹ̀ padà, ó sì kọjú sí ìgbésẹ̀ mọ́kànlá náà.